Èédú Lọ́hùn-ún, Oòrùn Nílé

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń pe ilé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ewu ti dé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní ìlú èédú kan ní Gúúsù Áfíríkà, mo pe ìyàwó mi ní Ilé-Ifẹ̀. Ó gbé fóònù, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, n kò gbọ́ ohùn Ìyá Tóyìn báyìí rí. Ẹja yìnyín ló ń tà níwájú ilé wa ní Mayfair, àdúgbò kan n'Ifẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé fìríìsà ẹja náà wà lábẹ́ fèrèsé, ariwo rẹ̀ ló sì máa ń wà láàárín èmi àti òun. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ pàápàá, a máa ń pariwo rẹ̀ ni.

"Ṣé o ti pa jẹnẹrétọ̀ ni?" mo bi í.

"A ò tan án rárá."

"NÉPÀ mú iná wá?"

"NÉPÀ ti ibo? Ta ló rójú wọn?"

"Kí ló wá ń gbé fìríìsà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Oòrùn ni. Mukaila ló bá wa gbé páálí tó ń fi oòrùn ṣe iná sórí òrùlé. Bàbá Tóyìn, ẹja wa ti dì bí òkúta."

Mo ní, "Mukaila wo?"

Ó dáhùn, ó ṣàlàyé, n kò gbọ́ ọ mọ́. Ohun tí mo ń rò ni pé ọkùnrin kan ti gun orí òrùlé mi nígbà tí n kò sí nílé, ó ti ṣe ohun tí èmi kò lè ṣe nígbà tí mo wà níbẹ̀, ìyàwó mi sì ń rẹ́rìn-ín.

*

Ẹja ló lé mi kúrò nílé. Mò ń wa mọ́tò akérò láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà nígbà náà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò sì fojú di iṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, iná lọ, kò dé, jẹnẹrétọ̀ wa náà sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Gbogbo ẹja tó wà nínú fìríìsà jẹrà. A gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, a sin wọ́n bí ẹni sin òkú. Òórùn náà kò kúrò nínú ilé títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá Tóyìn kò bá mi jà, kò bú mi. Ó kàn ń fọ fìríìsà náà lójoojúmọ́ bí ẹni pé ó lè fọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. N kò lè wò ó mọ́. Nígbà tí ẹnìkan ní iṣẹ́ wà ní ibi tí wọ́n ti ń fi èédú ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná, mo lọ.

Iná ni mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo débẹ̀. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn ibi tí a ń gbé, ẹnikẹ́ni kì í gbà á lálẹ́, síbẹ̀ iná ń tàn lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo dúró, mo ń wò ó. Inú mi kò dùn, kí n má purọ́. Owú ni mo jẹ. Ọ̀nà tó ṣófo ní ohun tí ìyàwó mi kò ní.

Òkùnkùn wọn pàápàá, mo jowú rẹ̀. Ẹ̀rọ wọn ti gbó, nígbà tí èyí bá bàjẹ́ tí èyí bá ń ṣàìsàn, wọn a máa pín iná fún àdúgbò. Ṣùgbọ́n wọ́n á ti sọ ṣáájú pé, ní aago báyìí, a ó mú un, ní aago báyìí, a ó dá a padà. Themba, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, máa ń bínú sí i, á máa bú ìjọba.

Mo ní, "Ìwọ jókòó. Iná tiwa kì í sọ pé òun ń bọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun ń lọ."

Ó ní, "Kí lẹ wá máa ń ṣe?"

"Bó bá dé, à á pariwo 'Ùp NÉPÀ'."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá dá iná padà ládùúgbò, Themba ló máa ń pariwo náà.

*

Òkìtì èédú ni iṣẹ́ wa. Ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Bẹ́líìtì gígùn kan ń kó o láti ibẹ̀ lọ sínú ilé ńlá tí wọ́n ti ń jó o. Lójú ẹni tí kò mọ̀, òkìtì náà sùn ni, àmọ́ kì í sùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ inú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láti inú wá, láìsí ẹni tó ṣáná sí i, títí yóò fi gbiná. Ìdí nìyẹn tí Themba fi ń wa katakata rẹ̀ lórí rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èmi ń fi ṣọ́bìrì kó èyí tó bá ya sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́líìtì.

N kò ní bú èédú. Ó bọ́ mi. Themba fi í rán àwọn ọmọ rẹ̀ níwèé. Òjò rọ̀ o, oòrùn ràn o, afẹ́fẹ́ dúró o, bí èédú bá ti wà nílẹ̀ tí ẹ̀rọ sì pé, iná á wà. Ilé ìwòsàn ń lò ó, ilé búrẹ́dì ń lò ó. Mo máa ń rò ó pé àwa náà ní in nílẹ̀ wa, lọ́hùn-ún ní Ẹnúgù àti ní ìpínlẹ̀ Kogí, ó sì wà nínú ilẹ̀, ó ń wò wá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èkejì. Mo fọ aṣọ funfun tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sá a síta. Nígbà tí màá fi ká a, ó ti di àwọ̀ eérú. Omi odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ìlú kọjá pọ́n bí ìpẹtà, ẹran kì í mu ún. Ọmọ Themba tó kéré jù ní ohun èlò kan tó ń fín sẹ́nu kó tó lè mí dáadáa, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì sì ní irú rẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tèmi náà dúdú ní gbogbo òwúrọ̀. Mo fi han Themba lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní, "Gbogbo wa ni. Bí èéfín yẹn bá dúró, ìkòkò mi náà á dúró."

Ìyàwó Themba máa ń gbé oúnjẹ wá fún un lẹ́nu géètì lọ́sàn-án. Wọ́n á jókòó sórí òkúta, obìnrin náà á máa nu eruku kúrò létí ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìka. Mo máa ń yíjú sí ibòmíì. Nílé, gbogbo ẹbí ń jowú mi pé mo wà lókè òkun. Èmi ń jowú ẹni tí wọ́n ń nu eruku létí rẹ̀.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ burú. Mo kọ́ Themba ní "Ẹ kú iṣẹ́". Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó kọ́ àwọn yòókù. Ó wá di pé bí a bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa, gbogbo ẹgbẹ́ wa á máa sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tó wọ́. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lójú pópó, tó máa ń pè mí ní orúkọ tí wọ́n fi ń bú àlejò, wá bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n ń sọ. Mo sọ fún un. Kò pè mí ní orúkọ yẹn mọ́. Mo lọ sílé bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

*

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ Mukaila, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo ní kí Tóyìn, ọmọ wa tó wà ní pólì, ya àwòrán ilé ránṣẹ́ kí n rí ohun tí wọ́n gbé sórí òrùlé. Mo rí i, dúdú, ó ń dán. Ṣùgbọ́n ohun tí mo wò jù ni ẹnu ilẹ̀kùn. Sálúbàtà ọkùnrin wà níbẹ̀.

"Sálúbàtà ta nìyẹn?"

"Ti Bọ̀dá Mukaila ni. Wọ́n wà lókè nígbà tí mo ya fọ́tò."

"Ibo ló ti máa ń jẹun bó bá wá?"

Tóyìn ní, "Bàbá mi, ibi tí wọ́n bá gbé e fún wọn ni wọ́n ti máa ń jẹ ẹ́."

Mo gbọ́ ìyá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Oníṣẹ́ iná oòrùn ni Mukaila, ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni. Èmi ọmọ Ifẹ̀ ni. Ẹni tó bá dàgbà tó mi nílùú wa mọ ìdí tí mo fi sọ ìyẹn, kò sì ní bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun àárín wa ti parí, gbogbo wa ti ń ṣe ọjà, a ń fẹ́ ọmọ ara wa, ṣùgbọ́n bí owú bá mú ènìyàn, kò sí ohun tí kò ní hú jáde.

Nígbà tó yá, mo ní kí wọ́n fún un ní fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjò o," ó ní, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Mo ní, "Oòrùn tí o gbé wá yìí, bó bá di alẹ́ ńkọ́?"

"Bátìrì wà, Ẹ̀gbọ́n."

"Bí òjò bá rọ̀ títí?"

"Ẹ ó tan jẹnẹrétọ̀ díẹ̀."

"Ṣé o rí i? Èédú kì í wo ojú ọ̀run. Ìlú odindi ni èédú ń gbé, kì í ṣe fìríìsà obìnrin kan."

Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Èédú lágbára. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n, ta ló gbé e dé Mayfair?"

Mo ní kí ó gbé fóònù fún onífóònù. Ọkùnrin tí ń húkọ́ dúdú ni mí, mo sì dúró, mò ń gbèjà èédú, nítorí pé ẹlòmíì ló mú oòrùn wá sílé mi.

*

Mo pinnu láti fi jẹnẹrétọ̀ ńlá ránṣẹ́, irú èyí tó máa gbé gbogbo ilé, kí Mukaila lè kó páálí rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kan wà tí owó rẹ̀ sàn ju tèmi lọ: ká máa rìn lórí òkìtì, ká máa wá ibi tó bá ti ń gbóná. Eruku ibẹ̀ pọ̀, àwọn ọmọ ìlú kò fẹ́ ẹ. Mo tọrọ rẹ̀.

Themba ní, "Ṣé o ti rò ó?"

Mo ní mo ti rò ó. Ní òótọ́, Mukaila nìkan ni mo rò.

Ikọ́ mi le sí i. Mo máa ń gbé fóònù jìnnà sí ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ọ nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí ihò kékeré kan tí èéfín ń yọ níbẹ̀. Themba wà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú katakata rẹ̀. Nílé wa, bí ìyá mi bá se oúnjẹ tán lórí èédú igi, omi ló máa ń ta sí i. Á pa á, á sá a sóòrùn, á tún lò ó lọ́jọ́ kejì. Kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí mo sì ṣe nìyẹn. Mo fa rọ́bà omi, mo da omi sínú ihò náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí pé kò sẹ́ni tó rò pé àgbàlagbà kò ní mọ̀. Wíwà ni wọ́n ń wà á jáde, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Omi náà dé ìsàlẹ̀, ó pàdé iná. Ooru àti eérú gbígbóná tú jáde sí mi lójú, ilẹ̀ tí mo dúró lé sì rọ̀. Mo wọlé dé àyà. N kò lè kígbe, nítorí pé bí mo bá ti la ẹnu, eruku ló ń wọ̀ ọ́. Mo rí ọ̀run lókè, ó mọ́, kò ní ìkùukùu kankan.

Themba rí i pé ooru yọ, kò sì rí mi mọ́. Ó sáré gun òkè, ó fi pákó lélẹ̀ kí òun náà má baà rì, ó fa mí lábẹ́ apá méjèèjì. Bó ṣe ń fà mí, bẹ́ẹ̀ ló ń bú mi ní èdè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di òní, bí mo bá rí ilẹ̀ tó rọ̀, mo máa ń yà fún un.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò àyà mi. Dókítà ní iná tó jó mi lẹ́sẹ̀ á jinná, ṣùgbọ́n òun rí àpá nínú ẹ̀dọ̀fóró mi. Bóyá eruku ni, bóyá ikọ́ ife ni, bóyá yóò máa tàn kálẹ̀, òun kò lè sọ. Kí n kúrò nínú eruku, kí n tún ya fọ́tò mìíràn lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ó ní bó bá ti tóbi sí i nígbà náà, ọ̀rọ̀ di ọ̀tọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rò lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. N kò kọ́kọ́ ronú sàréè. Mo rí Mukaila tó jókòó sórí àga mi, tó ń na ẹsẹ̀.

*

Nígbà tí mo pe ilé, mo ní ara mi le.

Ìyá Tóyìn ní, "Ẹ má tàn mí."

"Kí ni mo fi tàn ọ́?"

"Ikọ́ yín ni. Láti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹ ó húkọ́ kẹ́ ẹ tó kí mi, ẹ ó húkọ́ bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbé fóònù jìnnà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo ní kí n dúró títí ẹ ó fi sọ ọ́ fúnra yín. Ẹ ò sọ."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ihò, eérú, fọ́tò àyà. Ó sunkún díẹ̀, ó fa imú.

Ó ní, "Ẹ máa bọ̀ nílé. Ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ lọ ti wà lórí òrùlé."

Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Ṣùgbọ́n ó gún mi. Bí ohun tí mo torí rẹ̀ lọ bá ti wà lórí òrùlé, kí ni èmi fẹ́ wá ṣe lábẹ́ rẹ̀? Ẹni tó lọ sájò ń rò pé àyè òun dúró de òun nílé bí ìjókòó ọkọ̀ tí wọ́n fi aṣọ gbà sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ló jọ. Bí o bá yọ ọwọ́, á padé.

Mo padà. Themba sìn mí dé ibi tí mo ti wọ ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

*

Mukaila tí mo bá nílé kúrú, ó sanra, ó sì lẹ́nu. Mo ti rò pé yóò ga. Ó mọ ibi tí ìṣáná wà nínú ilé mi, ó mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé sókè díẹ̀ kó tó ṣí. Mo fẹ́ lọ aṣọ lọ́jọ́ kejì tí mo dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ki áyọ́ọ̀nù bọ ibẹ̀ o. Bátìrì ò lè gbé e." Mo wọ aṣọ tó rún.

Nígbà ààwẹ̀, ìyàwó mi ń ṣe yìnyín tí Mukaila ń gbé lọ sí Modákẹ́kẹ́ àti Sábó fún àwọn tó fẹ́ ṣínu. Wọ́n á jọ máa kà á sínú àpò, wọ́n á máa ṣe àwàdà. Èmi á jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ikọ́ mi.

Òjò wá rọ̀ ní àrọ̀ìdá. Bátìrì kú. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run má ka ìyẹn sí mi lọ́rùn.

Mo ní, "Mo sọ ọ́. Èédú kì í wo ojú ọ̀run."

Mukaila ní, "Ẹ sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká tan jẹnẹrétọ̀."

A tàn án. Èéfín rẹ̀ wọlé, ó mú mi lọ́fun, mo húkọ́ títí mo fi dọ̀bálẹ̀. Mukaila ló sáré lọ pa á. Ó gbé gbogbo ẹja náà sínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí fìríìsà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì ń gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún títà títí oòrùn fi yọ. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àkókò fọ́tò kejì pé nínú ọyẹ́. Ọkọ̀ Mukaila ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ọkọ̀ mìíràn kò sí nítòsí, mo sì jókòó sẹ́yìn kí n má baà bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Tóyìn di ọwọ́ mi mú nínú yàrá dókítà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, òórùn ẹja wà lára rẹ̀. Ọmọbìnrin ni dókítà náà. Ó gbé fọ́tò ti lọ́hùn-ún àti ti ibí síwájú iná, ó ń wò wọ́n títí.

Ó ní, "Bàbá, kò tóbi sí i. Kì í ṣe ikọ́ ife. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín ti sọ bẹ́ẹ̀. Àpá eruku ni. Kò ní lọ, ṣùgbọ́n kò rìn. Ẹ sá fún eruku, ẹ sá fún èéfín, ẹ ó pẹ́."

Ìyàwó mi bi í pé kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Mukaila wà níta, ó dúró ti ọkọ̀. Ó wo ojú wa, kò tiẹ̀ béèrè. Ó ní, "Alihamudulilahi," ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó nu ojú. N kò mọ ohun tí mo lè fi ìyẹn ṣe.

Ọyẹ́ ti da eruku bo páálí oòrùn nígbà tí a délé, fìríìsà kò sì gbọ́ràn mọ́. Mukaila gbé àkàbà, ó fẹ́ gòkè lọ nù ún. Mo di ẹsẹ̀ àkàbà náà mú. Ó dúró ní àárín, ó wo ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúrò níbẹ̀. Eruku máa bọ́ sí yín lórí. Ẹ gbọ́ ohun tí dókítà wí."

Mo fi sílẹ̀. Mo lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá Tóyìn ló wá bá a di àkàbà mú, ó ń gbé ojú sókè, ó ń sọ ibi tí kò tíì mọ́ fún un, òun náà ń dá a lóhùn láti òkè. Mo ń wò wọ́n. Àyà mi gbóná díẹ̀. Ṣùgbọ́n mò ń mí, mo sì ní kí Tóyìn bu oúnjẹ Mukaila sílẹ̀, kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tèmi.